Ibi Tí Ezell Pettaway Dúró Sí

Ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ ni. Ezell Pettaway ti kà á lẹ́nu iṣẹ́, ó ti kà á lórí ibùsùn, ó ti kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí pásítọ̀ bá ń gbàdúrà tí kò fẹ́ ṣe àmín. Láti ibùdúró kejì dé ìkẹta lórí pápá bọ́ọ̀lù, ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí èèyàn bá ń sáré bí òun ṣe ń sáré nígbà náà. Láti ìkẹta dé ilé, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn. Kò tó àkókò tí èèyàn fi ń bọ́jú láàárọ̀.

Kò sá a.

Ọmọ oko òwú ni, ní gúúsù Alabama, ọmọ karùn-ún tí Idella Pettaway bí. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ọmọ náà kò rìn rí. Ó rá, ó dìde, ó sáré. Nígbà tó tó ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́, Idella kì í dá wákàtí fún un, nítorí kò sí aago nínú ilé. Ńṣe ló máa ń tutọ́ sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà.

"Ezell, lọ gba iyọ̀ wá lọ́wọ́ Ìyá Dorsey. Kí itọ́ yìí tó gbẹ."

Oòrùn Alabama. Pákó gbígbẹ. Ọmọ mìíràn ì bá bú sẹ́kún. Ezell ti fo ọgbà kọjá. Nígbà tó bá fi padà dé, ìyá àti ọmọ á jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á jọ wo pákó náà.

"Ó ṣì tutù," ni ọmọ á wí, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó ti ń gbẹ létí," ni ìyá á dáhùn.

Kò yìn ín rí. Ṣùgbọ́n bó bá ti gba iyọ̀, tó kọ ẹ̀yìn, tó ń wọlé lọ, Ezell máa ń rí èjìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n pẹ̀lú ẹ̀rín tí kò fẹ́ kí ọmọ rí. Gbogbo ibi tó bá sáré dé láyé lẹ́yìn ìgbà náà, èjìká yẹn ló ń wá.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó wọ Bessemer, níbi tí èéfín ilé iṣẹ́ irin ti ń sọ aṣọ funfun di aláwọ̀ eérú kó tó gbẹ lórí okùn. Ó ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ páìpù. Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa gbá bọ́ọ̀lù onígi, béésíbọ́ọ̀lù, lórí ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù á sáré yípo ibùdúró mẹ́ta padà sórí pákó tó ti gbá a, èyí tí wọ́n ń pè ní ilé; bó bá débẹ̀, ayò kan nìyẹn. Ibẹ̀ ni Ambrose Crutcher ti rí i.

Crutcher ló ni ẹgbẹ́ Àṣá Dúdú. Òun ló ń darí wọn, òun ló ń wa ọkọ̀ wọn, òun ló ń bá wọn wá ibi tí wọ́n máa sùn sí. Bàbá tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, tí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wọ́ nítorí ogún ọdún tó fi ju bọ́ọ̀lù. Ó wo Ezell bó ṣe sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù kan tí gbogbo èèyàn ti fọwọ́ lẹ́rán fún, tó na ọwọ́, tó mú un.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń lé ọ?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà. Èmi ni mò ń lé e."

Ọjọ́ náà ló di ọmọ Àṣá Dúdú. Ọjọ́ kẹta ló di Afẹ́fẹ́. Lonnie Sledge ló sọ ọ́ lórúkọ, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà, ọkùnrin gíga kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, àfi bó bá ń jẹun. Nígbà mìíràn pàápàá, kì í sinmi bó bá ń jẹun.

Ayé tó dùn ni. Ezell kò ní gbà fún ẹni tó bá ní kò dùn. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà, tó máa ń wúkọ́ bó bá ti rí òkè. Ìlú mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan. Sàdíìnì àti bísíkíìtì lórí itan, nítorí ilé oúnjẹ ojú títì kì í tà fún dúdú, bó bá sì máa tà, ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni. Wọ́n á sùn sílé opó kan tó jẹ́ dúdú bíi tiwọn, tàbí kí wọ́n sùn lórí ìjókòó, orí ẹnì kan léjìká ẹnì kejì.

Àti ọjọ́ Ìsinmi ní Bessemer. Bí Àṣá Dúdú bá ń gbá nílé, agogo mẹ́sàn-án ni pásítọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìsìn dípò mọ́kànlá, kí ìjọ lè dé pápá lásìkò. Wọn kì í lọ sílé lọ pààrọ̀ aṣọ. Àwọn díákónì pẹ̀lú táì, àwọn obìnrin pẹ̀lú fìlà oníyẹ́ àti ìbọ̀wọ́ funfun. Bíbélì lábíyá, ẹja díndín lọ́wọ́.

Verlene Oates ló ń din ẹja náà. Bó bá bọ́ ìbọ̀wọ́ tó fi ń júwe ìjókòó fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí àwo epo ló kàn. Ezell máa ń tò síbẹ̀ lẹ́yìn eré. Ó máa ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn kọjá lára rẹ̀, kó lè jẹ́ òun ló máa kẹ́yìn.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ń pè ní Afẹ́fẹ́?"

"Èmi ni."

"Irọ́ ni wọ́n ń pa. Mi ò rí ọkùnrin tó lọ́ra tó ọ rí lórí ìlà ẹja."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní òpin ọdún 1941.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn kan náà ni ti Wendell Tull ṣẹlẹ̀. Ìlú kan lápá àríwá ni, Àṣá Dúdú sì ń bá ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó ìlú náà gbá. Ayò méjìlá sí mẹ́ta. Tull, tó ń ṣọ́ ibùdúró kejì, ọmọkùnrin aláàánú tí kò bá èèyàn jà rí, sá wálé fún ayò kẹtàlá, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni wọn kò lè gbé mì. Bí Ìyá Àgbà ṣe ń jáde nílùú ni òkúta gba ojú fèrèsé wọlé. Ezell ló jókòó tì í. Orí itan Ezell ni wọ́n gbé orí Tull lé fún wákàtí mẹ́ta, nítorí ilé ìwòsàn méjì tí wọ́n kọ́kọ́ kàn kò gbà á. Orí èèyàn wúwo. Ezell kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ náà.

Ojú òsì Tull kò ríran mọ́. Wọ́n fún un níṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ní pápá Bessemer, ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnì kan bá ti ọwọ́ òsì rẹ̀ wá, ó ní láti yí gbogbo orí kó tó mọ ẹni tí í ṣe.

Láti ìgbà náà ni òfin Crutcher ti wà. Ó kó wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Nílùú òyìnbó, a máa borí, torí ẹgbẹ́ tó ń pàdánù, kò sẹ́ni tó máa pè é padà. Ṣùgbọ́n ayò méjì ló tó wa. Bí a bá ti fi méjì ṣíwájú, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù tó jìn, kó dúró ní ibùdúró kejì. Kó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Kó ṣe bí ẹni tó ti rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi?"

"A gbọ́ yín, Bàbá Crutch."

"Ẹ ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ síta. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé à ń dẹwọ́ fún wọn, ọjọ́ yẹn la jẹun mọ."

Aṣọ ìnujú pupa ni àmì. Bí Crutcher bá ti ṣí fìlà, tó fi aṣọ pupa náà nu orí, ó parí nìyẹn. Dúró níbi tó o wà.

Ogun dé, ìjọba mú Ezell wọṣẹ́ ológun, ọdún méjì ló fi ń kó àpótí ọta ìbọn sínú ọkọ̀ ojú omi. Ó padà dé. Ìyá Àgbà ṣì ń wúkọ́. Aṣọ pupa ṣì wà.

Nígbà tó di 1947, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ẹgbẹ́ ńlá àwọn òyìnbó gba dúdú kan, òmíràn tẹ̀lé e. Gbogbo Bessemer pé sídìí rédíò bí ẹni ń retí ìròyìn ọmọ bíbí inú ara rẹ̀. Nínú oṣù Keje ni lẹ́tà dé sọ́wọ́ Crutcher. Ọ̀gbẹ́ni Farrow kan, tó ń wá àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá kiri fún ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá náà, ti gbọ́ nípa ẹsẹ̀ Ezell. Ó máa wá wò ó ní St. Louis, lọ́jọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Ezell. Ó ti ń dàgbà lójú wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbọ́.

Verlene ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fọ aṣọ eré rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó tún un lọ̀.

"Bí wọ́n bá mú ọ, mi ò din ẹja fún ẹnikẹ́ni mọ́."

"Èmi ńkọ́?"

"Kó o lọ tò sórí ìlà bíi ti tẹ́lẹ̀."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ọrùn aṣọ náà, níbi tí kò ti hunjọ rárá.

"Sáré fún wọn, Ezell. Bó o ṣe ń sáré fún wa níbí yìí náà ni. Má fi nǹkan kan kún un."

Ọjọ́bọ̀ tó ṣíwájú ọjọ́ Ìsinmi náà, wọ́n ní eré kan lójú ọ̀nà, ní Harlan Grove, ìlú kékeré kan láàárín oko àgbàdo ní gúúsù Illinois.

"Ẹ rọra gba kòtò yẹn o, Bàbá Crutch!" ni Lonnie ń pariwo láti ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ẹsẹ̀ iyebíye wà nínú ọkọ̀!"

"Lonnie, pa ẹnu rẹ dé," ni Ezell wí.

"Afẹ́fẹ́, bó o bá débẹ̀, tí wọ́n bá ń ya fọ́tò rẹ, sọ fún wọn pé Lonnie Sledge ló yá ọ ní ìbọ̀sẹ̀."

"Ìbọ̀sẹ̀ yẹn ti lu."

"Ihò ara rẹ̀ ló jẹ́ kó fúyẹ́! Ṣé o rò pé ẹsẹ̀ rẹ lásán ni?"

Ẹ̀rín bò wọ́n. Ìyá Àgbà gun òkè kan, ó wúkọ́, ó sọ̀ kalẹ̀. Pátákó kan wà níbi tí ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí dúdú kankan má ṣe jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá òun ní Harlan Grove. Kò sẹ́ni tó kà á sókè. Gbogbo wọn ló kà á. Ẹ̀rín náà dá bí iná àbẹ́là tí a fẹ́ pa.

Agogo kan ni eré yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ onífèrè ìlú náà fẹ́ fọn fèrè, olórí ìlú fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ pẹ́. Agogo mẹ́rin ti lọ kí ọkùnrin tó ń ṣètò tó wá. Crutcher tó bàbá tó bí i.

"Ìwọ Ambrose! Kó àwọn ọmọ rẹ wọlé, jàre."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Crutcher dáhùn.

Abala mẹ́sàn-án ni eré náà. Títí di abala karùn-ún, Ezell kò ṣe ju ohun tó yẹ lọ. Nínú ìkẹfà ni Lonnie fi ìgúnpá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n jókòó sí.

"Wo abẹ́ igi yẹn. Onífìlà koríko. Má wò ó tààrà!"

"Kí ló ṣe?"

"Wo ọwọ́ rẹ̀."

Aago kékeré kan tàn yòò nínú oòrùn. Irú èyí tí wọ́n máa ń fi àtàǹpàkò tẹ̀, láti fi mọ bí èèyàn ṣe yá tó.

"Ọjọ́ Ìsinmi ló sọ," ni Ezell wí.

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n fẹ́ rí ọ nígbà tó ò tíì múra." Lonnie kò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan sí i. Ìyẹn ló jẹ́ kí Ezell mọ̀ pé òótọ́ ni.

Abala kẹjọ. Ayò márùn-ún sí mẹ́ta, Àṣá Dúdú ló wà níwájú. Oòrùn ti dé orí ilé gíga tí wọ́n ń kó àgbàdo sí. Crutcher wò ó, ó gbé ojú kúrò, ó tún wò ó. Ó kan Ezell.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó jẹ́ kó kọjá. Èkejì náà. Ẹ̀kẹta wá sí ibi tó ti ń fẹ́ kó wá láti ìgbà tó ti dáyé.

Ìró náà kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ pé òun ti gbá a. Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá orí gbogbo wọn. Pápá náà kò ní ògiri, oko àgbàdo ni òpin rẹ̀, bọ́ọ̀lù sì wọ àárín àgbàdo lọ bí òkété. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá fi gbogbo ara wọ inú oko tẹ̀lé e.

Ezell ti ń lọ. Ibùdúró kìíní, etí ẹsẹ̀ ló fi kàn án. Ara rẹ̀ fúyẹ́, inú rẹ̀ dákẹ́, bíi ti ọmọdé tó fo ọgbà ìyá rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun á délé kí wọ́n tó rí bọ́ọ̀lù náà. Ó tilẹ̀ lè rìn délé.

Ó gbé ojú sókè. Ó rí nǹkan mẹ́ta. Orí àgbàdo tó ń mì níbi tí wọ́n ti ń wá bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin onífìlà koríko, tó ti dìde, tó na ọrùn, àtàǹpàkò rẹ̀ lórí aago. Àti Crutcher, tó ti ṣí fìlà.

Aṣọ pupa wà lọ́wọ́ bàbá náà. Kò tètè gbé e sórí. Ó dì í mú lásán, bí ẹni tó gbàgbé ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ó wo oòrùn. Ó wo àwọn ọkùnrin ìlú náà, tí wọ́n ti ń dìde lórí ìjókòó, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rẹ́rìn-ín.

Ó nu orí.

Ezell dúró. Ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ibùdúró kejì. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti ẹṣin tí wọ́n fa ìjánu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń gbọn eruku ṣòkòtò rẹ̀, ó sì ń gbọ̀n ọ́n títí, nítorí kò fẹ́ gbé ojú sókè. Orí Tull ló wà lórí itan rẹ̀. Bó ṣe wúwo gan-an ló ṣe wúwo.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́!" ni ẹnì kan kígbe láàárín èrò. Wọ́n tún jókòó. Ara tù wọ́n. "Wọ́n ní ó ń sáré! Ìyá mi àgbà á lé e bá!"

"Pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́!" ni ẹlòmíràn gbè é.

Lábẹ́ igi, Ọ̀gbẹ́ni Farrow wo aago rẹ̀. Ó yọ pẹ́ńsù, ó kọ nǹkan. Kò kọ ọ́ pẹ́. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré.

Nígbà tí eré parí, márùn-ún sí mẹ́ta, Ezell kò gba ọ̀nà ọkọ̀ lọ. Ó gba ọ̀nà igi náà. Okùn kan ni wọ́n ta láti ya ibi tí àwọn òyìnbó jókòó sí sọ́tọ̀, ọkùnrin kan sì dúró ti okùn náà.

"Níbo lò ń lọ?"

Farrow ti ń lọ sídìí mọ́tò rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ.

"Ọ̀gbẹ́ni Farrow!"

Ọkùnrin náà yíjú padà. Gbogbo àwọn tó wà láyìíká yíjú padà. Ezell la ẹnu. Kí ló fẹ́ sọ? Pé a dẹwọ́ fún yín ni? Lójú wọn báyìí, pẹ̀lú oòrùn tó ti kan orí àgbàdo? Ìyá Àgbà fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ezell ṣí fìlà sí ọkùnrin náà, ó sì padà.

"Ezell, wá jókòó síwájú," ni Crutcher wí nígbà tí wọ́n kọjá pátákó. Kò sẹ́ni tó ń jókòó síwájú rí. Ibẹ̀ ni Crutcher ń kó ìwé ojú ọ̀nà rẹ̀ sí. "Mo rí ọkùnrin náà."

"Mo mọ̀ pé ẹ rí i."

"Mo fẹ́..."

"Ẹ máa wakọ̀ yín, Bàbá."

Ezell yíjú sẹ́yìn, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin mẹ́rìndínlógún. Ojú méjìlélọ́gbọ̀n. Wọ́n pé.

Ọjọ́ Ìsinmi, ní St. Louis, ẹgbẹ́ dúdú méjì ló ń bára wọn gbá, òfin Crutcher kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ Ezell wo ọwọ́ bàbá náà. Kò sí aṣọ pupa. Kò sí nínú àpò. Crutcher ti fi í sínú ọkọ̀. Òógùn ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú, kò nù ún. Abala mẹ́sàn-án gbáko, nínú ooru tó lè yan ẹyin, bàbá náà dúró pẹ̀lú ojú pípọ́n, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, kó má bàa sí ohun kan lágbàáyé tó lè dà bí àmì lójú Ezell.

Ezell sáré. Ẹ bi àwọn ará St. Louis. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nínú márùn-ún tó kàn án ló gbá bọ́ọ̀lù. Ó jí ibùdúró kẹta, ó sá débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ó sá láti ìkẹta wálé nígbà tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ṣì ń ronú, àwọn obìnrin sì ju fìlà sókè, fìlà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá dìde nínú eruku, ó ń wo ìjókòó kan lẹ́yìn ilé, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún Farrow.

"Bóyá ó tún fara pamọ́ bíi ti Ọjọ́bọ̀," ni Lonnie wí.

"Bóyá."

Nínú abala kẹsàn-án, ọkùnrin kan tó ń jẹ ẹ̀pà lọ jókòó síbẹ̀. Dúdú ni.

Lẹ́tà kejì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Crutcher mú un wá sílé Ezell fúnra rẹ̀, kò jókòó. Farrow kọ̀wé pé ọkùnrin náà mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ṣùgbọ́n ó dúró níbi tó yẹ kó sá. Ó ní èèyàn lè kọ́ ẹni bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ìfẹ́ àtisáré, kò sí bí a ṣe ń kọ́ ọ.

Verlene wọ inú ilé ìdáná lọ. Wọ́n gbọ́ tí ó ń fi ìkòkò lu ìkòkò.

"Mo lè kọ̀wé sí i," ni Crutcher wí. "Mo lè sọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́ níbi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń mu ọtí, kò ní sí ìlú òyìnbó kan tó máa pè wá mọ́. Èmi, ìwọ, Lonnie, gbogbo wa. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù náà." Ó ká lẹ́tà náà, ó tún un tú. "Sọ pé kí n kọ ọ́, Ezell. Bó o bá sọ ọ́, mo máa kọ ọ́ lónìí."

Ìkòkò ti dákẹ́ nínú ilé ìdáná.

Ezell rántí Lonnie pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Ó rántí àwọn yòókù lórí ìjókòó Ìyá Àgbà, orí ẹnì kan léjìká ẹnì kejì. Ó fẹ́ kí bàbá náà kọ ọ́. Ó fẹ́ ẹ débi pé eyín ń dùn ún.

"Ẹ má kọ ọ́," ló wí.

Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún márùn-ún sí i. Dáadáa ni. Ṣùgbọ́n àwọn èrò ń dín kù, wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú ńlá lọ wo àwọn dúdú tí wọ́n ti mú. Kò dá wọn lẹ́bi. Òun náà ń gbọ́ rédíò. Crutcher ta Ìyá Àgbà ní 1952. Ó kú ní 1955. Ezell padà sídìí páìpù. Nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ bá bi í pé, "Afẹ́fẹ́, kí ló dé tí wọn ò mú ọ?", á ní, "Mo pẹ́ ni." Òun náà á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Pásítọ̀ ti padà sí agogo mọ́kànlá. Ìwàásù rẹ̀ ti gùn. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ń kánjú lọ mọ́.

Àwọn àárọ̀ kan wà nínú oṣù Keje tí Ezell máa ń jí kí iná ilé iṣẹ́ tó kú lójú ọ̀run. Á jókòó sétí ibùsùn, ẹsẹ̀ nílẹ̀. Verlene á gbọ́ ọ tó ń kà. Mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó mọ gbogbo ìtàn náà, ti Harlan Grove àti ti itọ́ orí àtẹ̀gùn Idella.

Ní oṣù Kẹjọ 1960 ni wọ́n gbọ́ pé wọ́n máa wó pápá náà lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé tí wọ́n á máa kó táyà sí. Nígbà tí ìsìn parí lọ́jọ́ Ìsinmi, Verlene kò gba ọ̀nà ilé.

"Ibo la ń lọ? Ebi ń pa mí," ni Ezell wí.

"Máa bọ̀."

Wendell Tull wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Ó yí gbogbo orí, ó wò wọ́n.

"Tíkẹ́ẹ̀tì yín dà?"

"Wendell, má fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nínú oòrùn yìí," ni Verlene wí, ó sì kọjá lára rẹ̀.

Koríko ti dé orúnkún. Ṣùgbọ́n ibùdúró kejì ṣì wà, àpò kékeré tó ti gbó, tí òjò ti lù. Ezell dúró lé e pẹ̀lú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Kò mọ ìgbà tó dé ibẹ̀. Tull lọ dúró síbi tí Crutcher máa ń dúró sí. Kò sẹ́ni tó sọ ti Harlan Grove fún Tull rí. Ó mọ̀. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó sì fi wọ́n síbẹ̀.

Verlene ti dé ìdí pákó ilé. Fìlà oníyẹ́ lórí, ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́. Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì, bóyá ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wà nítòsí. Ó gbé aṣọ ojú fìlà rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì tutọ́ sórí pákó ilé.

"Ezell Pettaway! Kí itọ́ yìí tó gbẹ!"

Ó sáré.

Orúnkún rẹ̀ pariwo. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì yọ̀ lórí koríko. Kì í ṣe ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìkẹta gbà á, mọ́kànlélógún ni. Ó tẹ̀ ẹ́, èémí rẹ̀ fẹ́ tán, gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ dúró, ó mọ̀ bí a ṣe ń dúró.

"Ó ń gbẹ o!"

Ó tẹ̀ síwájú. Táì rẹ̀ ti bọ́ séjìká. Kò wo Tull. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan pákó náà, ó gbá Verlene mú kó má bàa ṣubú, ìyẹ́ fìlà sì wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó gbé ojú sókè nítorí ó ti mọ́ ọn lára, ó wo ìjókòó tó wà lẹ́yìn ilé. Koríko ti hù gba inú rẹ̀ jáde.

Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n jọ wò ó.

"Ó ṣì tutù," ni Ezell wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó ti ń gbẹ létí," ni Verlene dáhùn.

Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó lọ mú àpò rẹ̀ nílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó rí i, bẹ́ẹ̀ iwájú rẹ̀ gan-an ni àpò náà wà. Ezell dúró níbi tó wà, ó ń wo èjìká rẹ̀.